Kí Ni O Lè Ṣe? Ìbéèrè Tí Ìwé Ẹ̀rí Kò Lè Bá Wa Dáhùn

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọdún àṣekágbá, tí ẹ ń fi ọwọ́ kan kọ iṣẹ́ ìwádìí, tí ẹ sì ń fi ọwọ́ kejì ka oṣù tí ẹ óò lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́dún yìí náà jókòó tì wá, nítorí ohun tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí à ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ wíwá bá kanlẹ̀.

Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, ọdún 2014, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí wíwọlé àti jíjáde ní orílẹ̀-èdè wa, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìmígíréṣọ̀n, pe àwọn tó ń wáṣẹ́ jọ sí àwọn pápá ìṣeré káàkiri Nàìjíríà láti ṣe ìdánwò. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò tó 5,000. Olúkúlùkù ti san 1,000 náírà kí ó tó dé ibẹ̀. Ní Abuja, ní Minna, ní Port Harcourt àti ní Benin, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ó sì ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tó bá a lọ. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ kí á rí níbẹ̀ ni pé, nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí nìkan kò lè ya ẹnì kan sọ́tọ̀, nítorí pé gbogbo wọn pátá ló gbé tiwọn dání.

Ìbéèrè tí agbanisíṣẹ́ ń béèrè, yálà ó là á lẹ́nu tàbí kò là á, kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni o lè ṣe? Ẹ bi ẹnì kan nínú wa ní ìbéèrè yìí lónìí. Yóò ní, "Èkónómíìsì ni mo kà." Òmíràn á ní, "Mo jáde pẹ̀lú ìpele kejì òkè." Ìyẹn kì í ṣe èsì. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni o sọ yẹn. Wọn kò bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ó ní ibi tí ìṣòro yìí ti ń bá wa, mo sì lérò pé ilé ni. Wọ́n tọ́ wa pé ọmọlúàbí kì í fọ́nnu. Ẹlòmíràn ló yẹ kó yin ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní yinni yinni kí ẹni lè ṣe mìíràn. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá bi wá pé kí ni a mọ̀ ọ́n ṣe, orí la máa ń sọ kodò, tí a óò ní, "Mo ń gbìyànjú, sà." Ẹ̀kọ́ ilé tó dára ni, n kò bá a jà. Àmọ́ Yorùbá kan náà ló ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Yorùbá kan náà ló sì ni oríkì. Ẹ fetí sí ẹni tó bá mọ oríkì kì dáadáa: kì í kàn pe ènìyàn ní akíkanjú kó sì kọjá lọ. Yóò sọ ogun tí baba onítọ̀hún jà, ìlú tó tẹ̀dó, àwọn tó bọ́, ohun tó ṣe tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ ni oríkì ń kà sílẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ni yóò fúnra rẹ̀ sọ pé akíkanjú ni ọkùnrin yìí. Ohun tí mo ń wí ò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí kò fọ́nnu rárá. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ògbóǹkangí tí kò sì sọ ohun tó ṣe gan-an ni afọ́nnu.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo CV tí púpọ̀ nínú wa ń kọ. Mo ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wo mélòó kan nínú ọgbà yìí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo wọn. Ní òkè, orúkọ, ọjọ́ ìbí, ẹ̀sìn, ìpínlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú ti ń rẹ ẹni tó ń kà á, ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé: òṣìṣẹ́ takuntakun, olóòótọ́, mo lè bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, mo lè ṣiṣẹ́ láìsí alábòójútó, mo mọ kọ̀ǹpútà lò. Wò ó, ta ni yóò kọ ọ́ pé ọ̀lẹ ni òun? Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé lè sọ nípa ara wọn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹni tó ń ka ìwé 300 láàárọ̀ ọjọ́ kan kò ní dúró lórí rẹ̀.

Ohun tó yẹ ni pé kí a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí a bi ara wa pé: ìgbà wo ni mo ṣe é, níbo, fún ta ni, kí ló sì ti ibẹ̀ jáde? Ká mú "olóòótọ́." Ká sọ pé ìwọ ni akápò ẹgbẹ́ kan nínú ọgbà yìí. O gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ọgọ́rin ènìyàn fún odindi ọdún kan, o já rìsíìtì fún gbogbo wọn, o ka ìṣirò owó níwájú ìpàdé ní ìparí sáà, kò sì sí kọ́bọ̀ tó dín. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má wulẹ̀ kọ "olóòótọ́" mọ́. Ẹni tó bá kà á yóò fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ká mú "mo mọ kọ̀ǹpútà lò." Kọ̀ǹpútà wo? Láti fi ṣe kí ni? Ẹni tó ń wo fíìmù lórí rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n lò. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ lo fi Excel ṣe àkọsílẹ̀ ọjà ìyá rẹ, tí o fi lè sọ ní ìparí oṣù pé mílíìkì ló ń tà jù, pé ṣúgà ń jẹ owó mọ́ ìyá lọ́wọ́, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́. Ìṣòwò ìyá ẹni nínú ọjà Sabon Gari kì í ṣe ohun àfipamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ka ọjà, tí a ń dá oníbàárà lóhùn, tí a ń gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn tó lágídí, láti ìgbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A kì í sì kọ ọ́ síbì kankan nítorí pé kò sẹ́ni tó fún wa ní ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìfidánrawò tí à ń pè ní SIWES, èyí tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ìlà kan péré ni wọ́n ń kọ: "Mo ṣe IT ní iléeṣẹ́ báyìí báyìí." Oṣù mẹ́fà di ìlà kan! Bẹ́ẹ̀ ìwé tí à ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí wà níbẹ̀, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bu ọwọ́ lù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ohun tí o lè ṣe wà nínú ìwé yẹn, pẹ̀lú ọjọ́ tí o ṣe é. Àwọn kan ń da irọ́ kún un ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e kalẹ̀, wọ́n sì ń sọ ọ́ nù ní ọjọ́ kejì tí wọ́n ti gba máàkì. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ bó ṣe rí lójoojúmọ́, tó sì pa á mọ́, ti kọ ìdajì CV rẹ̀ tán.

Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ń bọ̀ níwájú. Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò bá a pàdé. Ní ìdìbò ọdún 2023, àjọ INEC lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgùnbánirọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ibùdó ìdìbò. Lẹ́yìn ọdún kan, ohun tí onítọ̀hún ń kọ sínú ìwé ni pé, "Mo bá INEC ṣiṣẹ́." Kí ló ṣe gan-an? Ó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta. Ó gba ohun èlò ìdìbò, ó sì kà á kí ó tó fọwọ́ sí i. Ó rí sí i pé wọ́n lo ẹ̀rọ BVAS láti mọ ẹni tó jẹ́ ojúlówó olùdìbò, níwájú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú tí olúkúlùkù wọn ń wá àléébù. Ó ka ìbò ní gbangba, ó kọ èsì sínú ìwé EC8A, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e dé ibùdó tí wọ́n ti ń kó èsì jọ. Gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, nínú oòrùn, láàárín ariwo. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ṣe èyí ní àṣeyọrí ti fi hàn pé òun lè darí ènìyàn, pé òun lè tẹ̀lé òfin, pé òun kò ní sọ ìṣirò nù nígbà tí ara bá ń gbóná. Báńkì ń wá irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n báńkì kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló lè sọ ọ́.

Kókó kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ fi kún un. Gbogbo iṣẹ́ kọ́ ló yẹ kí a kà sílẹ̀ fún gbogbo agbanisíṣẹ́. Ẹni tó ń ki ọdẹ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìdílé alágbẹ̀dẹ. Ìpolówó iṣẹ́ máa ń sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́: fà á jáde, fi gègé fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ṣe pàtàkì níbẹ̀, kí o sì wá ohun tí o ti ṣe tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. Àwọn wọ̀nyẹn ni kó wà lókè. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá mìíràn tilẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣa ìwé kí ojú ènìyàn tó kan án, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó náà ni kọ̀ǹpútà sì ń wá. Ẹni tó bá ń fi CV kan náà ránṣẹ́ síbi ogójì, bí ẹni tó ń da yangan fún adìẹ, kí ó má ṣe ní àwọn ará ilé ló ń dí òun lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá wá pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ńkọ́? Ìbéèrè àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́, "Sọ fún wa nípa ara rẹ." Wọn kò béèrè ìtàn ìdílé. Orúkọ baba rẹ, iye ọmọ tí ìyá rẹ bí, ọdún tí o jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Sọ ẹni tí o jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní gbólóhùn kan, ohun méjì tí o ti ṣe tó bá iṣẹ́ wọn mu, àti ìdí tí o fi wá sọ́dọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú méjì ti tó.

Ibì kan wà tí èdè wa ti ń dá wa dúró. Yorùbá tó gbọ́n máa ń sọ pé "a ṣe é" kódà bí ó jẹ́ òun nìkan ló ṣe é. Àpọ́nlé ni nínú ilé. Níwájú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, àdánù ni. Bí o bá ní, "A ṣe Ọ̀sẹ̀ Àṣà, ó sì dùn," wọ́n á fẹ́ mọ̀ pé nínú gbogbo yín, èwo ni tìrẹ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ká sọ pé onílù tí ẹ ti san owó fún kò dé ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ìwọ lo gun ọ̀kadà lọ sí Sabon Gari, o wá àwọn onílù ìjọ méjì, o bá wọn dúnàá-dúrà, ètò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdádúró wákàtí kan péré. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí èmi ṣe, bí ó ṣe parí. Iṣẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe, fi sílẹ̀ fún wọn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí o ti sọ sókè nínú yàrá rẹ títí tí kò fi dà bí àkọ́sórí, yóò dáhùn ọ̀pọ̀ ìbéèrè tí wọ́n lè bi ọ́.

Ní ti ìkíni, ẹ jẹ́ kí á lo ọgbọ́n. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́fíìsì àwọn ẹlẹ́yà-mìíràn lè dẹ́rù bà wọ́n. Tẹríba díẹ̀, kí wọn ní ohùn tó já gaara, má sì jókòó títí wọn yóò fi ní kí o jókòó. Má ṣe ni ẹ ni yóò kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àgbà, pàápàá ní Òkè Ọya níbí tí ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọkùnrin kì í bọ ara wọn lọ́wọ́. Dúró kí wọ́n nawọ́ sí ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé ojú sókè. Nílé, ẹni tó ń wo àgbà lójú ló ń rí i fín. Níbẹ̀, ẹni tó ń wo ilẹ̀ ni wọ́n ń rò pé ó ní ohun tó ń fi pamọ́.

Mo fẹ́ bá àwa tí a dàgbà sí ẹ̀yìn odi sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kaduna ni èmi tí mo ń kọ èyí ti dàgbà. Ìgbà ọdún ni mo ń dé ìlú baba mi. Irú wa pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, láti Kano, láti Jos, láti Funtua. A ń sọ Yorùbá nílé, a ń sọ Haúsá lójà, a ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Nínú CV wa, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń hàn, bí ẹni pé aṣọ ìdáná ni àwọn èdè méjì yòókù. Iléeṣẹ́ tó ń ta ọjà láti Èkó dé Kano, ilé ìwòsàn tó ń gba ènìyàn láti ìgbèríko, àwọn tó ń ṣe ìwádìí láti ojúlé dé ojúlé, gbogbo wọn ló nílò ẹni tó lè yí láti èdè kan sí òmíràn láìsí ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n sọ ìwọ̀n tí o gbọ́ ọ dé. "Mo lè fi Haúsá bá oníbàárà sọ̀rọ̀, mo sì lè túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, n kò lè fi kọ ìwé." Òótọ́ nìyẹn, ó sì wúlò. Nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níwájú rẹ lè ṣàdédé ní, "To, yaya gida?" kí ó sì máa wo ẹnu rẹ. Yorùbá náà ńkọ́? Ẹni tí kò lè fi àmì sí ọ̀rọ̀, tí kò lè kọ lẹ́tà kan parí, kó má kọ ọ́ pé òun mọ Yorùbá kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ abínibí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ọ́ṣe, mo kàn fẹ́ mẹ́nu bà á ni. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń tẹ̀lé ìlànà pínpín láàárín ìpínlẹ̀, wọ́n sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún un ní ọdún 1996. Ọgbọ́n ẹnu kò ràn án. Lọ gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ ní àkókò, kí o má baà máa sáré lọ sí Ọ̀ffà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ tó ku ọ̀la.

Nípa irọ́ pípa, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1999, Salisu Buhari di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Abuja. Ó ní òun jáde ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, ó sì fi ọdún kún ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn oníwèé ìròyìn wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé irọ́ ni méjèèjì, kí oṣù keje ọdún náà sì tó parí, ó ti fi ipò sílẹ̀, ó ti tọrọ àforíjì. Ní ayé ìgbà náà, àwọn oníròyìn ní láti wá ẹ̀rí dé òkè òkun. Lónìí, lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ti tó. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ tó ṣe ní tòótọ́ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, lè dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá lórí rẹ̀. Ẹni tó yá iṣẹ́ ẹlòmíràn lò kò lè dáhùn ju méjì lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ nínú ara wọn pé, "Gbogbo èyí kò ju àlàyé lọ, mo-mọ̀-ọ́-o-mọ̀-mí ló ń gba ènìyàn síṣẹ́." N kò ní jiyàn. Ó ń ṣẹlẹ̀, a sì ń rí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń lọ. Ẹ̀gbọ́n kan láti ìlú yín, tó wà ní ipò ní Abuja, gbà láti bá ọ sọ̀rọ̀. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Kí ni ọmọ náà lè ṣe?" Bí ẹ̀gbọ́n kò bá ní èsì ju "ọmọ wa ni, ó ti jáde yunifásítì" lọ, ọ̀rẹ́ yẹn á ní kó fi ìwé ránṣẹ́, ìwé á sì wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ. Àmọ́ bí ẹ̀gbọ́n bá lè ní, "Ó ṣe ìṣirò owó ẹgbẹ́ wọn fún ọdún kan láìsí àṣìṣe, ó gbọ́ Haúsá dáadáa, ó sì ti lo Excel ní ibi tó ti ṣe IT," ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti rí ohun dì mú. Ẹ̀gbọ́n kò lè mọ èyí bí o kò bá sọ fún un. Nítorí náà, kí o tó pè é, kọ gbólóhùn mẹ́ta péré nípa ohun tí o ti ṣe, kí o sì fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp pẹ̀lú CV rẹ, kí ó lè fi ránṣẹ́ síwájú bó ṣe wà, láìjẹ́ pé ó ń ronú ohun tí yóò wí.